Igi Kì Í Ṣe Ọ̀tá Koríko: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Onílẹ̀ Ìgbómìnà

Ọ̀rọ̀ tí a ní láti sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn, a kò sì fẹ́ fi òwe bò ó mọ́lẹ̀. Ìmọ̀ràn kan ń tàn kálẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn wa, pàápàá láàárín àwọn ọmọ wa tí wọ́n fi Èkó àti òkè òkun ṣe ibùgbé, pé bí ilẹ̀ wa yóò bá wúlò fún ẹran ọ̀sìn, dandan ni kí a kọ́kọ́ hú gbogbo igi orí rẹ̀ kúrò, kí oòrùn lè dé ilẹ̀, kí koríko sì lè hù. Wọ́n ń fi àwòrán pápá ilẹ̀ òkèèrè hàn wá nínú fóònù wọn: pápá tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, tí kò ní igi kan ṣoṣo, tí màlúù ńláńlá ń jẹ̀ káàkiri inú rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀làjú nìyẹn. Àwa ní kò rí bẹ́ẹ̀. A kò sọ pé àwọn ọmọ wa ń purọ́ fún wa. Ohun tí a ń sọ ni pé wọ́n wo ilẹ̀ tí kì í ṣe ilẹ̀ wa, tí òjò rẹ̀ àti oòrùn rẹ̀ kì í ṣe tiwa, wọ́n sì rò pé bí ibẹ̀ ti rí ni ibi gbogbo rí.

Kí ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ti kánjúkánjú? Ẹ rántí pé ní ọdún 2016 ni ìjọba Èkìtì ṣe òfin lórí fífi ẹran jẹ̀ káàkiri, tí ti Ọ̀yọ́ tẹ̀lé e ní 2019, tí Òndó àti Ọ̀ṣun sì ṣe tiwọn ní 2021, ọdún kan náà tí àwọn gómìnà ìhà gúúsù péjọ sí Asaba ní oṣù karùn-ún, tí wọ́n sì fẹnu kò pé kí àṣà náà dópin ní ilẹ̀ wọn. Kwara kò sí lára àwọn tí ó péjọ, nítorí pé ìhà àríwá ni a kà wá mọ́. Ṣùgbọ́n Èkìtì àti Ọ̀ṣun ni ó bá wa pààlà, àwọn ará Ìlá Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá tí òfin Ọ̀ṣun dé sì jẹ́ ọmọ ìyá wa. Ẹran tí a bá lé kúrò ní apá kan ààlà kì í fò lọ sójú ọ̀run. Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ mínísítà kan sílẹ̀ fún ọ̀ràn ẹran ọ̀sìn nìkan. Nítorí náà, ẹ máa retí àwọn tí yóò máa wá ilẹ̀ fún ọgbà ẹran. Bí wọn kò bá tíì kan ilẹ̀kùn ààfin yín, wọ́n ń bọ̀. Ohun tí ẹ bá kọ sínú ìwé àdéhùn lọ́jọ́ náà ni yóò sọ bí ilẹ̀ yín yóò ti rí ní ọgbọ̀n ọdún òní.

Ó yẹ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn tí a ń bá jiyàn. Àwíjàre wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Wọ́n ní òjìji igi ń pa koríko, gbòǹgbò igi sì ń mu omi tí ó yẹ kí koríko mu. Wọ́n ní inú igi ni eṣinṣin tí ń gbé àìsàn oorun sára ẹran ń gbé. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ níbi tí kùkùté bá wà. Láti bí ọdún mélòó kan sì ni wọ́n ti fi ẹ̀kẹrin kún un, èyí tí ó wọ àwọn ènìyàn lára jù lọ: pé inú igbó ni àwọn ajínigbé ń fi ara pamọ́ sí. Ta ni kò ní í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó má mú àdá?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí koríko, nítorí òun ni ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ bá wa jáde ní oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí ọyẹ́ bá ń jà, kí a gba ọ̀nà Òmù-Àrán sí Èsìẹ́. Ẹ má wo òkè, ilẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ní gbangba tí igi kò sí, ẹ̀rùwà ti gbẹ, ó ti le bí igi ìdáná, èyí tí iná kò bá sì tíì jó níbẹ̀, ẹran kàn ń fi imú gbóòórùn rẹ̀ ni, ó ń kọjá lọ. Ẹ wá súnmọ́ ìdí igi emi kan tí ó dá dúró, èyí tí àwọn ìyá wa ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, tàbí ìdí igi irúgbá. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí koríko tí ó rọ̀, tí àwọ̀ tútù ṣì wà lára rẹ̀, tí ẹnu ẹran sì ti gé dé ilẹ̀. Ẹran kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí oúnjẹ rẹ̀ wà.

Àwọn onímọ̀ ti wọn ọ̀rọ̀ yìí lórí òṣùwọ̀n. Ní ọdún 1989 ni àwọn kan tẹ ìwé jáde nípa ohun tí wọ́n rí ní ọ̀dàn Tsavo, ní ilẹ̀ Kenya. Wọ́n gé koríko abẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún tí a ń pè ní akéṣíà, wọ́n gé ti abẹ́ igi oṣè, wọ́n sì gé ti gbangba tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n tán, ti abẹ́ igi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti gbangba. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Gbòǹgbò igi ń lọ jìnnà sísàlẹ̀, ó ń fa èròjà tí gbòǹgbò koríko kò lè dé gòkè wá, ewé tí ó bá wọ́ sì ń dá a padà sórí ilẹ̀. Ẹran tí ó bá sinmi lábẹ́ igi ń yàgbẹ́ síbẹ̀, ẹyẹ tí ó bà lé ẹ̀ka náà sì ń ṣe tirẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, ó rọ̀, omi òjò sì ń wọ inú rẹ̀ dípò kí ó máa ṣàn kọjá. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ èyí láìwo ìwé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹni tí ń ṣán oko tuntun fi ń dá emi àti irúgbá sí.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ tan ara wa. Ilẹ̀ Tsavo gbẹ ju tiwa lọ. Òjò tí ń rọ̀ ní Ìgbómìnà lọ́dún ju 1,000 mìlímítà lọ, níbi tí òjò bá sì ti pọ̀, èrè tí koríko ń rí lábẹ́ igi a máa dínkù ju ti ilẹ̀ gbígbẹ lọ. Bí ẹ̀ka igi bá sì wọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ọ̀run kò fi hàn mọ́, òtítọ́ ni àwọn alátakò wa ń sọ: ẹ̀rùwà kò ní í hù níbẹ̀. A kò pe ẹnikẹ́ni pé kí ó da màlúù sínú igbó dídí. Ohun tí a ń sọ ni pé láàárín igbó dídí àti gbangba gbẹrẹfu, ọ̀nà kẹta wà, èyí tí í ṣe ọ̀dàn onígi, òun gan-an sì ni ilẹ̀ tí Ọlọ́run fi jíǹkí wa. (Àwa tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ohùn ti máa ń sọ fún wọn pé ohùn kan ṣoṣo ni ó ya ọ̀dàn, ilẹ̀ koríko, sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀dán, igi òjìji tí ń bẹ lọ́jà ọba. Ó dà bí ẹni pé àwọn ọmọ kan kò gbọ́ ohùn kejì mọ́.)

Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí a ti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ rí. A kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àwa náà wà nínú ẹ̀bi ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ọgbà ẹran kan tí a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀: àgùntàn, ewúrẹ́ àti màlúù díẹ̀. Emi àti irúgbá mẹ́tàlá ni ó wà nínú ọgbà náà. Ẹnìkan dé láti òkè òkun, ó wo ọgbà náà yíká, ó ní ó dà bí ọgbà ayé àtijọ́, àti pé òun yóò san owó kàtàpílà. A pe ìpàdé. Àwa jókòó nínú ìpàdé náà, a mọ ohun tí bàbá wa ìbá ti sọ, a kò sì la ẹnu, nítorí pé ojú ń tì wá láti sọ̀rọ̀ igi emi níwájú ẹni tí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú dé. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi dá gbogbo igi náà lulẹ̀.

Nígbà òjò àkọ́kọ́, koríko hù bí ẹni pé a gbìn ín. Wọ́n fi wá ṣe ẹlẹ́yà díẹ̀, a sì gbà á. Lọ́dún kejì, koríko náà pọ̀ ṣùgbọ́n ó le, ó sì gbẹ kí oṣù kọkànlá tó parí. Lọ́dún kẹta, ẹ̀kan gba ilẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ẹ̀kan mọ̀ pé tí ó bá ti dàgbà, ẹran kò fẹ́ ẹ, àdá kò sì ràn án. Àgbàrá gbẹ́ ojú ilẹ̀ lọ sí gọ́tà ojú títì. Lọ́sàn-án, gbogbo ẹran máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri yàrá ìkàwé kan ṣoṣo tí ó ní òjìji, wọn kì í jẹ̀ títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú yàrá náà sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ nínú òórùn ìgbẹ́. Ní oṣù kejì ọdún náà, àwa ni a rán lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá tí ń yan gàrí láti lọ ra èèpo gbágùúdá. Àgùntàn kan bí ìbejì lóṣù náà. Kò ní omi ọmú tí ó lè tó ọmọ kan. A ronú púpọ̀ lórí àgùntàn náà. Kì í ṣe àìsàn ni ó ṣe é. Ebi ni, ebi tí àwa fi ọwọ́ ara wa fà nínú ìpàdé kan tí a ti dákẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì sọ̀rọ̀ ewé igi fúnra rẹ̀. Àwọn tí ń pariwo koríko gbàgbé pé ẹran ọ̀dàn kì í jẹ koríko nìkan. Ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ ń gbẹ́kẹ̀lé àwọn ohun alààyè kéékèèké tí ojú kò lè rí nínú àpòlúkù rẹ̀ láti bá a da oúnjẹ. Bí púrótéènì inú oúnjẹ náà bá rẹlẹ̀ ju nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 lọ, àwọn yẹn kò ní lè ṣiṣẹ́ wọn dáadáa, ẹran náà yóò sì máa rù bí ikùn rẹ̀ tilẹ̀ kún. Koríko gbígbẹ ọ̀dàn wa nínú ẹ̀ẹ̀rùn kì í tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà mìíràn kò tó ìdá 4. Níbo ni ẹran ti ń rí ìyókù? Lórí igi ni. Igi apá ń yọ ewé tuntun kí òjò tó dé. Ọ̀gánwó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Bórórò tí ń gbé gàá lẹ́yìn ìlú wa mọ igi wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gùn wọ́n, wọ́n ń rẹ́ ẹ̀ka wọn sílẹ̀ fún ẹran, ìyàwó wọn sì ń rí wàrà tà lọ́jà wa nítorí rẹ̀. Ní Bamako, olú-ìlú Mali, ewé igi kan tí ó jẹ́ ìbátan osùn jẹ́ ọjà tí a ń tà fún àwọn tí ń so àgùntàn mọ́lé nínú ìlú. Igi yìí kan náà ni àwọn onígẹdú gé ní ilẹ̀ wa láti nǹkan bí 2014, tí wọ́n ń kó o lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹténà, títí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi fi òfin lé òwò náà lórí. Ohun tí ará Mali ń fi bọ́ àgùntàn ọdọọdún, àwa tà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kì í ṣe ìlú òkèèrè nìkan ni ẹ̀rí wà. Ní Ìbàdàn níhìn-ín, níbi tí a dá ilé-ìwádìí IITA sílẹ̀ ní 1967, àwọn onímọ̀ gbin àgùnmániyè àti lùkéná ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n sì gbin àgbàdo sáàárín wọn. Nínú àwọn ọdún 1980, àwọn tí ń ṣe ìwádìí ẹran ọ̀sìn níbẹ̀ mú iṣẹ́ náà lọ sí abúlé lẹ́bàá Ọ̀yọ́, wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ fi apá kan ewé náà bo ilẹ̀, kí wọ́n fi apá kejì bọ́ ewúrẹ́ àti àgùntàn wọn. Púrótéènì ewé àgùnmániyè ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Ẹ fi èyí wé ìdá 4 ti koríko gbígbẹ. Òtítọ́ ni pé ètò náà kò gbilẹ̀ bí wọ́n ti rò, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. Òtítọ́ sì ni pé kò yẹ kí a fi lùkéná nìkan bọ́ ẹran, nítorí májèlé kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ kí irun ẹran re. Ṣùgbọ́n àgùnmániyè ṣì wà ní ẹ̀yìn ọgbà púpọ̀ láàárín wa, níbi tí kò ní iṣẹ́ kankan ju kí ó di òpó wáyà mú.

Ní ti eṣinṣin àìsàn oorun, a kò ní í fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn. Ní ìlú Anchau, ní ẹkùn Zaria, láti 1937 ni ìjọba òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé igbó etí odò láti lé eṣinṣin yìí kúrò, àìsàn náà sì dínkù púpọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí wọ́n gé: etí odò, níbi tí igbó ti di pọ̀ tí ó sì tutù. Kò sí ẹni tí ó kà nínú ìròyìn Anchau pé irúgbá tí ó dá dúró láàárín oko ni ilé eṣinṣin. Irú kan ń bẹ tí ń gbé inú ọ̀dàn, ṣùgbọ́n ẹran ìgbẹ́ ni òun ń tẹ̀lé, àwọn ọdẹ wa sì ti pa ìyẹn tán ní ibi púpọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn baba wa ní màlúù kúkúrú tí kò ní iké, èyí tí Haúsá ń pè ní mútúrù, àti kétékú tí í ṣe àdàlú rẹ̀ pẹ̀lú màlúù Fúlàní, tí àìsàn náà kì í tètè pa. Àwọn wo ló ń wá màlúù wọ̀nyí lónìí? Ọgbà ẹran tí a ń gbèrò, màlúù òkè òkun ni wọ́n ń fojú sọ́nà fún, èyí tí oòrùn wa yóò kọ́kọ́ pa kí eṣinṣin tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí kò bá sí igi.

Ti ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ kò pẹ́ sọ. Ní Mokwa, ní òdìkejì odò Ọya, kò jìnnà sí wa, ìjọba bẹ̀rẹ̀ oko ẹ̀pà ńlá kan ní 1949, wọ́n kó ẹ̀rọ wọ inú ọ̀dàn onígi, wọ́n sì ń hú igi. Owó tí wọ́n ná lórí híhú igi nìkan pọ̀ kọjá ohun tí oko náà lè mú wá, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n kó wá síbẹ̀ ń fi oko sílẹ̀ lọ, nígbà tí ó sì di 1954, wọ́n pa á tì. Ìwé ti kọ nípa rẹ̀. Ó ṣe ni láàánú pé àwọn ọmọ wa lè ka ìwé nípa oko ẹran ilẹ̀ Texas, kí wọ́n má ka ti Mokwa.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé. Lórí èyí, a fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn kan nínú àwọn tí yóò ka ìwé yìí ti san owó ìràpadà, àwọn kan kò sì rí ènìyàn wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọdẹ wa léèrè ohun tí ń fi ènìyàn pamọ́. Kì í ṣe emi ogún tí ó dúró ní àlàfo sí ara wọn, tí ẹran ti jẹ koríko abẹ́ wọn mọ́lẹ̀; ẹni tí ó bá dúró ní òpin ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè rí ẹni tí ó wà ní òpin kejì. Ohun tí ń fi ènìyàn pamọ́ ni igbó ṣákálá tí ó hù lẹ́yìn tí a gé àwọn igi ńlá tán tí a kò sì ṣe ohunkóhun níbẹ̀ mọ́, àti eèsún tí ó ga ju orí ènìyàn lọ tí ẹran kankan kò jẹ. A ti gé igi ńlá tó ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ǹjẹ́ ọ̀nà wa wá dára sí i bí?

Nísinsìnyí, ta ni ń gé e? Ó rọrùn láti nàka sí darandaran, òun náà kò sì mọ́ pátápátá: ní àríwá ilẹ̀ Benin, àwọn oníwàádìí fi hàn pé ọ̀gánwó tí a bá ń rẹ́ ní àrẹ́jù kì í so èso bí ó ti yẹ, igi tí kò bá sì so kò ní arọ́pò. Ìyẹn gba kí a bá wọn sọ̀rọ̀, kí a sì bá wọn wí. Ṣùgbọ́n darandaran kì í hú igi tí ẹran rẹ̀ ń jẹ. Èédú tí a dì sínú àpò, tí a tò sí ẹ̀bá ọ̀nà wa, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń kó lọ sí Èkó, ta ni ó fún àwọn tí ń sun ún ní ilẹ̀? Ta ni ó gba owó lọ́wọ́ wọn? Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ má bínú sí wa. A ti bá àwọn kan nínú yín jókòó, a ti jẹ iyán yín, a kò sì lè fi ojú yín gúngi kí a tún sọ pé a fẹ́ràn yín bí a bá dákẹ́. Ọwọ́ tí ń gba owó igi emi ní àárọ̀ ni ó ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba ní ìrọ̀lẹ́ pé ẹran wọ oko àwọn. Ẹran wọ oko nítorí pé ní oṣù kẹta, oko gbágùúdá nìkan ni ó tutù ní gbogbo agbègbè. A kò sọ pé igi nìkan ni yóò parí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran. Ìjà náà ní ẹ̀ka tí ó ju ti ebi lọ, ọlọ́pàá àti ilé-ẹjọ́ ni ó tọ́ sí àwọn wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ti ebi, àwa ni a ń dá a sílẹ̀.

Èrè mìíràn sì ń bẹ tí a ń sọ nù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó èso emi tútù lọ sókè òkun fún oṣù mẹ́fà, kí a lè máa fi ṣe òrí nílé. Nàìjíríà ni ó ń kó èso emi jọ jù lọ ní ayé. Igi tí ń bo koríko, tí ń bọ́ ọmọ, tí ń fún ìyá ní owó àpò, òun ni a ń sọ di èédú. Nínú òfin Mósè pàápàá, a kọ̀ fún àwọn ológun láti gé igi eléso nígbà tí wọ́n bá dó ti ìlú ọ̀tá. Ìlú ọ̀tá ni o! Àwa kò dó ti ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún wo Èsìẹ́. Ní 1933 ni Ramshaw, alábòójútó ilé-ìwé ti Ìjọ CMS, rí àwọn ère òkúta tí ó ju 1,000 lọ, tí òkìkí wọn fi kàn dé òkè òkun, ní 1945 sì ni a dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Inú igbó ni àwọn ère náà wà. Àwọn àgbà Èsìẹ́ kò ní ìwé, wọn kò ní ẹ̀ṣọ́ tí ìjọba ń san owó fún, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ti ń sọ pé: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú àdá wọ ibí yìí. Àwa tí í ṣe ìránṣẹ́ Ìhìnrere kò bọ òrìṣà, a kò sì ní í bọ ọ́. Síbẹ̀ a mọ iyì àṣẹ tí ọba pa tí gbogbo ìlú sì tẹ̀lé, irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni a sì ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn ọba wa lónìí.

Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó lè da ẹran sórí ilẹ̀ Ìgbómìnà ní àlàáfíà bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n bá mú ìwé wá, ẹ má ṣe béèrè iye owó nìkan. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà pé emi, irúgbá, apá àti ọ̀gánwó kò ní í ṣubú, ó kéré tán ogún sí ọgbọ̀n igi nínú hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan, àti pé níbi tí igi kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó gba ilẹ̀ ni yóò dá àwọn ọ̀dọ́ igi tí ń hù fúnra wọn sí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ Maradi ní ilẹ̀ Niger ti ń ṣe láti 1983, láìgbin igi kankan, tí nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún hẹ́kítà ilẹ̀ wọn fi tún ní igi. Ẹ ní kí àgùnmániyè jẹ́ ọgbà yíká ilẹ̀ náà. Ẹ ní kí darandaran tí ó bá rẹ́ igi fi ìdajì ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀, kí ó má sì padà sórí igi kan náà lọ́dún tí ó tẹ̀lé e. Ẹ ní kí a máa dáná sun koríko ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ó ṣì tutù díẹ̀ tí iná rẹ̀ kò lágbára, kí ó má ba à jẹ́ iná oṣù kejì tí ń pa ọmọ igi.

Kí wọ́n tó dé, iṣẹ́ kan wà tí kò gba owó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ ìsinmi kan kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí baálẹ̀ èyíkéyìí bá fún wa ní ẹni méjì tí ó mọ ààlà ilẹ̀, àti garawa ọ̀dà funfun kan, a ó rìn ilẹ̀ náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, a ó ka gbogbo igi tí ó yẹ kí ó dúró, a ó fi ọ̀dà sàmì sí ara rẹ̀, a ó sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé méjì, ọ̀kan fún ààfin, ọ̀kan fún ẹgbẹ́ wa. Kí kàtàpílà wá bá àmì náà níbẹ̀.